Oògùn Oṣù Mẹ́fà ní Ìlú Wúrà

Ènìyàn a máa rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ilé ìwòsàn. A dúró lórí ìlà láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. A gba oògùn, a dúpẹ́, a sì mú un lọ sí ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oògùn ṣì wà nínú ìgò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á kò lò ó mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀ràn yìí ti ń kọ àwọn oníṣègùn lóminú, orúkọ tí wọ́n sì sábà máa ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò dùn ún gbọ́: wọn a ní aláìgbọràn ni, tàbí aláìmọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé àìgbọràn nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti tán tipẹ́tipẹ́, nítorí pé kò sí irú ìbáwí tí wọn kò tíì bá aláìsàn wí. Ìtàn ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ikọ́ ife ti ń bá ènìyàn jà fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, fi hàn pé ohun tí ń bẹ ní ìdí ọ̀ràn náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní ilẹ̀ òkè tí à ń pè ní Witwatersrand, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì tẹ Johannesburg dó. Àwọn Súlú ń pe ìlú náà ní eGoli, èyí tí í ṣe ibi wúrà. Wúrà ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a ń fi igbá jọ̀ nínú odò. Inú òkúta líle ni ó wà, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí ó jìn, ó sì di dandan kí a fi ẹ̀rọ lu òkúta náà, kí a fi ẹ̀tù fọ́ ọ, kí a tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ mú jáde. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Àwọn tí wọ́n ni kòtò wúrà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kiri ní Mòsáńbíìkì, ní Basutoland tí ó ti di Lesotho, ní Transkei, àní títí dé Nyasaland tí ó ti di Màláwì. Wọn a kọ orúkọ wọn sínú ìwé àdéhùn fún oṣù díẹ̀, wọn a sì kó wọn sínú ọgbà ńláńlá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Aya kò sí níbẹ̀, ọmọ kò sí níbẹ̀. Bí àdéhùn bá parí, oníkálukú a padà sí abúlé rẹ̀. Bí owó bá sì tán, a tún gbéra.

Eruku òkúta tí ẹ̀rọ ń tú jáde nínú ihò wọ̀nyí a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tí eruku bá ti bà jẹ́ kò ní agbára láti dojú ìjà kọ kòkòrò ikọ́ ife. Ikú àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun tí wọ́n ti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ìjọba ta gìrì. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ní 1902, nígbà tí ó sì di ọdún 1911 àti 1912, wọ́n ṣe òfin lórí owó gbà-má-bínú. Òfin náà kò wo funfun àti dúdú bákan náà. Ẹni dúdú tí ikọ́ bá mú, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń fi í sí, kí ó lọ gba ìwọ̀nba owó, kí ó sì lọ kú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ife ṣe ti inú kòtò wúrà bọ́ sí àwọn abúlé tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn oògùn fi èyí sọ́kàn: kí oògùn tó dé rárá, ètò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Johannesburg, tí ń gbé aláìsàn kúrò ní ibi tí ojú oníṣègùn ti lè tó o.

Oògùn náà dé nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1943, nínú yàrá ìwádìí Selman Waksman ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Albert Schatz rí oògùn streptomycin láti ara ohun abẹ̀mí kékeré kan tí ń gbé inú erùpẹ̀. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1948. Aláìsàn tí wọ́n ti ń retí ikú rẹ̀ dìde jókòó, ó jẹun, ó sanra. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn tún wó lulẹ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò tí oògùn náà kò rí pa ti bí ọmọ tí streptomycin kò ràn mọ́. Wọ́n fi oògùn PAS kún un. Ní 1952 isoniazid tún dé. Kòkòrò tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì a pa á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ikọ́ ife di àìsàn tí a lè wò sàn pátápátá. Ìdíwọ́ kan ṣoṣo ni ó kù: ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì ni aláìsàn yóò fi máa lo oògùn náà, PAS sì korò, ó pọ̀ láti gbé mì, ó sì ń da inú rú.

Ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, tí à ń pè ní Chennai nísinsìnyí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ wo ọ̀ràn náà fínnífínní. Láti 1956 ni àwọn oníṣègùn níbẹ̀ ti fi àwọn aláìsàn kan sí ilé ìtọ́jú pàtàkì, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn mìíràn máa lo oògùn ní ilé ara wọn, nínú yàrá híhá àti oúnjẹ tí kò tó. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1959 ya gbogbo ayé lẹ́nu: àwọn tí wọ́n wà ní ilé san gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ tí kò ní owó púpọ̀ ti mọ̀ pé òun náà lè wo ikọ́ ife. Ṣùgbọ́n Wallace Fox, olórí àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, rí ohun kejì. Ó ń yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò, ó sì ń yọjú sí wọn ní ilé láìsọ tẹ́lẹ̀ láti ka hóró oògùn tí ó kù. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáwọ́ oògùn dúró, àti olówó àti tálákà, àti ẹni tí ó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, kò sì sí bí a ṣe lè wo ojú aláìsàn kí a mọ ẹni tí yóò parí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1958. Láti ìgbà náà wá, kò sí ẹni tí ó lè sọ pẹ̀lú òótọ́ pé àìmọ̀wé ni ó fa ọ̀ràn yìí.

Kí ni ó dé tí oògùn ikọ́ ife fi gùn tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà a kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn a máa sùn, tí wọn kò jẹ, tí wọn kò bí sí i, ẹni tí ó bá sì sùn báyìí kì í gbé oògùn jẹ. Oògùn ní láti dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà Yorùbá sọ pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí a bá fi ojú inú wò ó, gbogbo ìmọ̀ ikọ́ ife wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí iná wà láṣọ rẹ̀ ń mọ ìnira rẹ̀ lára. Ẹni tí kòkòrò ikọ́ ife ń sùn nínú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí oògùn rifampicin dé ní nǹkan bí ọdún 1965 sí 1968, ìrètí tuntun dé. Ní 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní Kenya, Uganda, Tanzania àti Zambia, wọ́n sì rí i pé bí a bá fi rifampicin tàbí pyrazinamide kún àwọn oògùn àtijọ́, oṣù mẹ́fà tó. Èyí ni àwọn oníṣègùn sọ ní ìtọ́jú kúkúrú. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì dára kí àwọn olùkọ́ máa sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí pé kì í ṣe àìsàn nìkan ni a mọ ilẹ̀ yìí sí.

Ẹni tí ó pe oṣù mẹ́fà ní kúkúrú ni ẹni tí ó mọ ọdún méjì tẹ́lẹ̀. Aláìsàn kò mọ ọdún méjì. Ohun tí òun mọ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ikọ́ ti rọlẹ̀, ibà alẹ́ ti lọ, oúnjẹ ti ń wọ ẹnu, ẹran ara sì ti ń padà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ń mu agbo a máa bu omi sí ìkòkò, a máa kó o ka iná, títí àìsàn yóò fi fi í sílẹ̀. Bí ara bá ti le, a da ewé nù. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó kọ́ ènìyàn ní ìṣirò yìí; ara ẹni ni ó kọ́ni, kò sì sí ìran tí kò mọ̀ ọ́n. Oògùn ikọ́ ife ń sọ fún ènìyàn pé kí ó má gba ẹ̀rí ara rẹ̀ gbọ́ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀kọ́ tí ó le ni, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì lẹ́nu ọ̀nà yàrá oògùn kọ́ ọ.

Ní 1995 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ètò kan lọ gbogbo ayé, tí orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ń jẹ́ DOTS. Gúúsù Áfíríkà gbà á ní 1996, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun kógbá sílé. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù nínú ètò náà ni pé kí ẹnì kan, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì tàbí aládùúgbò, máa wo aláìsàn bí ó ti ń gbé oògùn mì. Ète náà dára. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí ní Cape Town dán an wò láàárín 216 aláìsàn, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a ń wò, 54 ni ìtọ́jú wọn yọrí sí rere. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́, 60 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń fi fọ́nnu, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé ojú tí ń ṣọ́ni nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè dé ilé ìtọ́jú tí kì í ṣí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Bí ó bá dúró dè é, iṣẹ́ bọ́. Bí kò bá dúró, oògùn bọ́.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí oògùn bá ti ń pa kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ oúnjẹ ń padà sára, oògùn tí a sì gbé mì sínú ikùn òfìfo a máa yí inú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ikọ́ ife mú ní Johannesburg ni kòkòrò HIV wà lára wọn pẹ̀lú, tí wọ́n ń lo oògùn méjèèjì pọ̀. Rifampicin a máa sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú, ẹni tí ó bá ń gbé inú yàrá kan pẹ̀lú ènìyàn púpọ̀ kò sì ní ibi tí yóò fi àṣírí rẹ̀ pa mọ́ sí. Ìjọba a máa fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní owó ìrànwọ́ fún oṣù mẹ́fà títí dé ọdún kan; bí ara bá yá, owó náà a dópin. Àwọn kan ti sọ pé nítorí owó yìí ni àwọn aláìsàn ṣe ń pa oògùn tì. Ó ṣòro láti gbà pé ènìyàn púpọ̀ yóò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe òwò báyìí. Ohun tí a lè gbà ni pé ilé kan tí ìlera ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kì í ṣe ilé tí oògùn rọrùn láti parí. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá sì dé, àwọn tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ a padà sí abúlé wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe, ìwé ìtọ́jú wọn a sì wà ní ìlú wúrà.

Ìgbà tí ẹ̀sùn tí a fi ń kan aláìsàn le jù ni lẹ́yìn ọ̀ràn Tugela Ferry, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Súlú. Láàárín 2005 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2006, àwọn oníṣègùn rí aláìsàn 53 níbẹ̀ tí oògùn ikọ́ ife kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn rárá. Ènìyàn 52 nínú wọn kú, ìdajì wọn kò sì lò ju ọjọ́ 16 lọ lẹ́yìn tí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Kíá ni wọ́n ní àwọn tí wọn kò parí oògùn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní tòótọ́, oògùn tí a kò lò tán wà lára ohun tí ń bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wádìí àwọn tí ó ti kú wọ̀nyí, ó ju ìdajì wọn lọ tí kò lo oògùn ikọ́ ife rí ní ayé wọn. Ẹlòmíràn ni ó kó o ràn wọ́n, pàápàá nínú ilé ìwòsàn tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ dáadáa. A ti dá ẹjọ́ náà kí a tó gbọ́ ẹnu òkú.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ọgbà ká, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé àwọn tí irú ikọ́ ife yìí mú ní láti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ní oṣù Kejìlá 2007, ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Port Elizabeth gé wáyà, wọ́n sì sá lọ sí ilé. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ìtọ́jú. Kérésìmesì ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ní àkókò yìí kan náà, wọ́n ń ṣe ohun kan nínú àwọn kòtò wúrà fúnra wọn. Láti 2006 títí dé 2011 ni ilé ìwádìí Aurum ní Johannesburg, lábẹ́ Gavin Churchyard, fi isoniazid fún àwọn awakùsà fún oṣù mẹ́sàn-án, kì í ṣe láti wo ikọ́ ife bí kò ṣe láti dènà rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Thibela, èyí tí í ṣe kí a dènà ní èdè Sótó. Nínú àwọn ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti fún wọn ní oògùn, àwọn awakùsà 27,126 jáde fún àyẹ̀wò, 23,659 nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Àwọn tí wọ́n gba oògùn tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní ibi iṣẹ́ kan, wọ́n sì tó 79 ní ibi iṣẹ́ mìíràn. Òkúta kan náà, oògùn kan náà, ọ̀rọ̀ ìyànjú kan náà. Ibi tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀. Àbájáde tí ó jáde ní 2014 dun gbogbo wọn. Ìwọ̀nba ìgbà tí oògùn wà lára ènìyàn ni ó dáàbò bò ó, ààbò náà sì tún pọ̀. Bí oògùn ti tán, bẹ́ẹ̀ ni ààbò tán, iye àwọn tí ikọ́ ife mú nínú àwọn kòtò náà lápapọ̀ kò sì dín kù. Ẹni tí ó fi ara balẹ̀ lo gbogbo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án tún padà sínú eruku kan náà.

Ní Soweto, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Neil Martinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àgbàlagbà 1,148 tí wọ́n ní kòkòrò HIV sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń lo isoniazid lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, bí ètò ìgbà náà ti wí. Àwọn kan ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n ń gbé rifapentine àti isoniazid mì níwájú nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2011, ọ̀nà kúkúrú náà kò sàn ju ti oṣù mẹ́fà lọ ní ti dídènà ikọ́ ife, kò sì burú jù ú lọ. Ohun tí ó fi sàn jù ni pé àwọn tí wọ́n parí rẹ̀ pọ̀ ju àwọn olóṣù mẹ́fà lọ dáadáa. Ó wà fún ìrònú pé ojú nọ́ọ̀sì tí kò ran àwọn ará Cape Town lọ́wọ́ kò di ẹrù fún àwọn ará Soweto. Ìpàdé méjìlá péré ni wọ́n bẹ̀ wọ́n fún.

Ilé ìwòsàn Sizwe wà ní ìlà-oòrùn àríwá Johannesburg. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí ni wọ́n ti kọ́ ọ, tí wọ́n ń pè é ní Rietfontein, láti fi pa àwọn tí àrùn tí ń ràn bá mú mọ́ kúrò láàárín ìlú. Níbẹ̀ ni àwọn tí ikọ́ ife tí kò gbọ́ oògùn mú ti ń lo ọdún kan àbọ̀ sí méjì, tí wọ́n ń gbé hóró oògùn tí ó ju 10,000 lọ mì, tí wọ́n sì ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ náà a máa ba etí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Bí ènìyàn bá gbọ́ tí etí rẹ̀ ń hó, tí ohùn ọmọ rẹ̀ sì ń jìnnà sí i lọ́jọ́ dé ọjọ́, tí ó wá kọ abẹ́rẹ́ tí ó kàn, orúkọ wo ni ó yẹ kí a kọ sí ìwé rẹ̀? Aláìgbọràn ni wọ́n ń kọ. Ní 2018 ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà mú abẹ́rẹ́ náà kúrò, tí wọ́n sì fi bedaquiline, tí í ṣe hóró, rọ́pò rẹ̀, ṣáájú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ayé.

Láti 2015 ni Francesca Conradie àti àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dán ohun mìíràn wò ní Sizwe àti ní ilé ìwòsàn méjì mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà: oògùn mẹ́ta péré, bedaquiline, pretomanid àti linezolid, láìsí abẹ́rẹ́, fún oṣù mẹ́fà. Ènìyàn 109 ni wọ́n gbà, nínú irú àwọn tí Tugela Ferry ti kọ́ àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n má retí púpọ̀ fún. Àbájáde jáde ní 2020: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 90 ni ara wọn dá. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún wọn náà, nǹkan bí 80 ni linezolid mú kí ẹsẹ̀ wọn máa jó bí ẹni tí ó tẹ iná, tàbí kí ó kú tipiri. Àwọn oníṣègùn kò sọ pé kí wọ́n fara dà á. Wọ́n tún ìdánwò ṣe, wọ́n sì rí i pé bí a bá dín linezolid kù láti 1,200 sí 600 mílígírámù lójúmọ́, ìwòsàn kò dín kù, ìrora ẹsẹ̀ sì dín kù púpọ̀. Èyí jáde ní 2022. Ní 2023 ìjọba fi ìtọ́jú olóṣù mẹ́fà náà wọ àwọn ilé ìwòsàn, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì gbà á a máa gba oògùn rẹ̀, a sì máa lọ sí ilé láti lò ó.